Àpò Bàbá Bọ́mà: Àkọsílẹ̀ Ọ̀ràn Ìdílé Kan ní Iléṣà

Aṣọ kékeré kan tí wọ́n ya alántakùn sí ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ wó ilé alámọ̀ tí bàbá wọn kọ́ lẹ́yìn tó ti ojú ogun dé, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ọjà Àtàkúnmọ́sà, kí wọ́n lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀. Orí àjà ni wọ́n ti rí àpò ológun kan tí eku ti jẹ létí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tí omi ti bà jẹ́ lápá kan; àmì ẹ̀yẹ onírin oníràwọ̀ tó ní igun mẹ́fà; ṣíbí kan; àti aṣọ róbótó aláwọ̀ ìyeyè tí alántakùn dúdú na ẹsẹ̀ sórí rẹ̀. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ilé náà mú aṣọ yìí lọ fi han ìyá wòlíì kan. Ìyá wòlíì ní àmì òkùnkùn ni, òun ni kò jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ bàbá náà lọ sókè, kí wọ́n sun ún pa pọ̀ mọ́ àpò àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀.

Àkọ́bí bàbá yarí. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná sí ohun ìní bàbá òun títí ẹni tó gbọ́n sí ọ̀rọ̀ ogun Bọ́mà, èyí tí wọ́n bá àwọn Japan jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, yóò fi wò ó. Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí mi nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn ni mo ti ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn sójà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá báyìí. Ó ń dùn mí wọ akínyẹmí ara, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló kú tí ẹnì kan nínú ilé wọn kò gbà wọ́n gbọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé aṣọ nìkan kọ́ ni ìjà. Ìdílé náà ti pín sí méjì lórí bàbá fúnra rẹ̀, ẹni tó ti kú láti ọdún 1991. Àwọn kan gbà pé ó wà lára àwọn ọmọ ogun àkànṣe tí wọ́n kó lọ jà lẹ́yìn ọ̀tá. Àwọn yòókù ní iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ṣe ní bárékè ní Íńdíà, kò sójú ogun kankan tó dé, àlọ́ ló fi ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín.

Kí ẹ tó dá àwọn wọ̀nyí lẹ́bi, ẹ gbọ́ ohun tí bàbá máa ń sọ. Ó ní òru ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé àwọn fò kọjá lórí àwọn sójà Japan, tí wọ́n sì sọ àwọn kalẹ̀ sí àárín igbó lẹ́yìn wọn. Ó ní àwọn ìbaaka tí àwọn ń dà kò lè ké, nítorí wọ́n ti gba ohùn lọ́fun wọn. Ó ní òun gbé ibì kan tí gbogbo igi ibẹ̀ wọ aṣọ funfun. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú wá bà sórí adágún odò, ó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́, ó sì gbéra lórí omi náà. Ó tún ní òun wọ ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá sì ti mu ẹmu díẹ̀, a máa pariwo “Tuwẹ́ńtì-náìn!”, a sì dìde dúró ṣánṣán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé nọ́ńbà oríire ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ta tẹ́tẹ́ púùlù.

Aṣọ ni mo kọ́kọ́ mú, torí òun ló rọrùn jù láti yanjú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1943 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá dífíṣọ̀nù 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ọ̀wọ́ ọmọ ogun ńlá kan, tí wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òde òní), Sàró àti Gáńbíà sínú rẹ̀. Alántakùn dúdú lórí aṣọ ìyeyè ni àmì dífíṣọ̀nù náà. Alántakùn yìí ni Ananse inú àlọ́ àwọn Àkàn ní Gold Coast, kékeré abara-bíńtín tó ń fi ọgbọ́n borí àwọn ẹranko ńlá, ipò tí Ìjàpá wà nínú àlọ́ tiwa gan-an. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ló ran án mọ́ aṣọ ogun wọn. Mo sọ fún ìyàwó náà pé kò sí awo kankan níbẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ò kàn fẹ́ kí inú Bàbá dùn ni?” Mo ní rárá o, ìyàwó wa, Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí ló wọ̀ ọ́ lọ sógun. Kò fèsì, ṣùgbọ́n ó gbé aṣọ náà padà sórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n alántakùn kò tí ì sọ pé bàbá jẹ́ ọmọ ogun àkànṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú dífíṣọ̀nù 81 fi ẹsẹ̀ rìn gba àfonífojì odò Kaladan ní agbègbè Arakan ní Bọ́mà ni, wọ́n sì jà kíkankíkan níbẹ̀. Bìrìgéèdì kan ṣoṣo ni wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀ tí wọ́n fi kún àwọn ọmọ ogun Orde Wingate, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Chindit. Bìrìgéèdì Kẹta ni, àwọn bàtálíọ̀nù mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Nàìjíríà: ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá. Nítorí náà ìwé ìdásílẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. A tẹ́ ẹ sójú oòrùn díẹ̀, a fi awò gbé e wò. Apá tí omi bà jẹ́ kò kan ibi tí a ń wá. “7 N.R.” ló wà níbẹ̀, Nigeria Regiment, bàtálíọ̀nù keje.

Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún àwọn Chindit yàtọ̀ sí ti sójà tó dúró sí ojú ìlà ogun. Wọ́n máa ń wọ ẹ̀yìn ọ̀tá lọ, kí wọ́n já ọ̀nà ojú irin, kí wọ́n dínà mọ́ oúnjẹ àti ọta tí ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jà níwájú. Ní ọdún 1943, nǹkan bí 3,000 ni Wingate kó wọ Bọ́mà ní ìgbà àkọ́kọ́, nǹkan bí ìdámẹ́ta wọn kò sì padà. Ti ọdún 1944 ló gbòòrò, nǹkan bí 20,000 ọkùnrin. Alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún náà ni àwọn àkọ́kọ́ nínú àwọn tó bá òfuurufú lọ balẹ̀ sínú igbó. Kò sí ọ̀nà fún mọ́tò, nítorí náà ẹrù ẹni, ẹ̀yìn ẹni: ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé pọ̀n ju 30 kílò lọ. Wọ́n pín bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì tí wọ́n ń pè ní kọ́lọ́ọ̀mù, nǹkan bí 400 ènìyàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè máa rìn, kí wọ́n sì lè máa jà fúnra wọn. Nọ́ńbà ni orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù.

Kọ́lọ́ọ̀mù méjì tí bàtálíọ̀nù keje ní ni 29 àti 35.

Mo sọ ọ́ jáde, gbogbo ilé dákẹ́. Ọmọ tó ti fi nọ́ńbà náà ta tẹ́tẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ ti di bàbá arúgbó, bojú, ó sì sunkún. Ó ní, “Wọ́n ń jẹ́ ìpè ni. Bàbá mi ń jẹ́ ìpè.” Èmi náà kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Alágbàfọ̀ inú bárékè kò ní ìdí kankan láti máa jẹ́ ìpè kọ́lọ́ọ̀mù fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀, àwọn ìtàn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí ààyè wọn. Ọ̀rọ̀ ìbaaka, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn dókítà ẹran gé ohun tí àwọn ìbaaka fi ń ké, kí igbe wọn má bàa tú àwọn ènìyàn fó fún ọ̀tá. Àwọn ni wọ́n ń ru wáyálẹ́ẹ̀sì, ìbọn ńlá àti ọta. Àbíkẹ́yìn bàbá lóbìnrin, tó ń ta aṣọ ní ọjà, ní ọ̀kan nínú àwọn ìbaaka wọ̀nyí ni bàbá máa ń dárò jù. Ó ní ìbaaka náà bọ́ sínú ọ̀gbun, ó ń la ẹnu, kò sí ohùn.

Ibi tí igi ti wọ aṣọ funfun ni ẹ̀tàn ti pọ̀ jù nínú ilé yẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ìran ọ̀run tí bàbá rí. Ibi gidi ni. Ó wà nítòsí Mawlu, lórí ọ̀nà ojú irin tó lọ sí Mogaung ní àríwá Bọ́mà. Páráṣúùtù ni wọ́n fi ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún àwọn tó dó síbẹ̀. Àwọn páráṣúùtù náà kọ́ sórí igi títí ibẹ̀ fi funfun, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní White City. Àwọn Chindit fi ibẹ̀ dínà mọ́ ojú irin tí àwọn Japan fi ń bọ́ àwọn ọmọ ogun wọn níwájú. Láti òpin oṣù Kẹta ọdún 1944 ni ọkọ̀ òfuurufú Dakota ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wọlé. Nínú oṣù Kẹrin ni bàtálíọ̀nù keje dara pọ̀ mọ́ Bìrìgéèdì 77 ti Michael Calvert láti jà ní àyíká White City, nígbà tí àwọn Japan ń rọ́ lu wáyà ẹlẹ́gùn-ún ibẹ̀ lóròòru.

Òkú àwọn tó kú sórí wáyà náà kò ṣeé gbé kúrò. Oòrùn ń pa wọ́n, òórùn wọn sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jà níbẹ̀ tó sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ogun ló mẹ́nu ba òórùn yìí. Mo bi àwọn ọmọ bóyá bàbá ní òórùn kan tó kórìíra. Wọ́n wo ara wọn lójú. Àbíkẹ́yìn ló dáhùn. Ó ní bàbá kò jẹ́ kí ìyá àwọn rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú nínú ọgbà ilé rí láyé. Tí aládùúgbò bá rẹ tirẹ̀, tí òórùn rẹ̀ bá ń bọ̀, bàbá á kúrò nílé, á lọ sùn sí oko. Ìyá wọn bá a jà títí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ìgbéraga ni, pé ọkọ òun ti jẹ oúnjẹ òyìnbó tán, ó wá ń fi imú pe oúnjẹ ilé. Ìyá náà ti kú. Ó wù mí púpọ̀ kí ó wà láàyè kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ti ọkọ̀ òfuurufú orí omi, adágún náà ni Indawgyi. Òjò Bọ́mà bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kárùn-ún, ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ibi tí ọkọ̀ òfuurufú lè bà sí kò sí mọ́, àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí ibà ń pa lọ sì pọ̀ jáǹtìrẹrẹ. Ní oṣù Kẹfà ni wọ́n mú ọkọ̀ Sunderland méjì wá, irú èyí tí wọ́n ṣe láti máa bà sórí òkun. Wọ́n ń bà sórí adágún Indawgyi láàrin òkè àti kùrukùru, wọ́n sì kó àwọn aláìsàn tó lé ní 500 jáde lọ sí Íńdíà. Bìrìgéèdì Kẹta wà ní àwọn òkè àyíká adágún yìí lásìkò náà. Bí a kò bá ní ẹ̀rí mìíràn rárá, èyí nìkan ti tó fún èmi. Ìgbà tí bàbá ń sọ ọ́ ní Iléṣà, kò sí ibi tí ì bá ti kà á, kò sì mọ̀ọ́kà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dúró. Ó yẹ kí n kọ ìyẹn náà síbí, nítorí bí a bá da irọ́ pọ̀ mọ́ òótọ́, àwọn tó ń bú bàbá yóò rí ibi dì mú. Àkọ́bí ní bàbá bá Wingate bọ ọwọ́ nínú igbó Bọ́mà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wingate kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1944, kí bàtálíọ̀nù keje tó bá ẹnikẹ́ni jà ní White City. Bí wọ́n bá pàdé rárá, ní Íńdíà ni, lákòókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ti ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ó wà lóòótọ́: ọkọ̀ mìíràn ló ń fi okùn fà á, tí yóò sì já a sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Calvert ló wọ̀ ọ́ lọ ní oṣù Kẹta. Dakota ni wọ́n fi kó àwọn Nàìjíríà. Mo bi àwọn mẹ́ta tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọ́bí ní bàbá “wọ̀ ọ́”. Àbíkẹ́yìn, tó tọ́jú bàbá títí tó fi kú, ní ohun tí bàbá sọ ni pé òun “rí i” nílẹ̀, apá rẹ̀ ti kán. Ti àbíkẹ́yìn ni mo gbà. Àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó fọ́ wà káàkiri ibi tí wọ́n bà sí. Ẹnu àwọn ọmọ ni “rí i” ti di “wọ̀ ọ́”.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo kọ̀ láti so mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tí ara bàbá kò yá mọ́, ó máa ń sọ pé, “Àwọn tí kò lè rìn ńkọ́?”, á sì fa ọwọ́ bojú. Àbíkẹ́yìn bẹ̀rù pé bàbá àwọn pa ènìyàn tí kò yẹ kí ó pa. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni pé ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1944, nígbà tí bìrìgéèdì 111, ọ̀kan nínú ti àwọn Chindit, ń sá kúrò ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní Blackpool nínú òjò, wọ́n yìnbọn fún 19 nínú àwọn tiwọn tí ọgbẹ́ wọn ti kọjá ohun tí wọ́n lè gbé, kí wọ́n má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá láàyè. Bàtálíọ̀nù keje kò sí nínú àwọn tó di Blackpool mú. Ṣùgbọ́n irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í fara pamọ́ láàrin sójà, kò sì sí sójà orí òkè yẹn tí kò ní máa bi ara rẹ̀ léèrè bí ọgbẹ́ bá kàn án. Mo sọ fún àbíkẹ́yìn pé ìbéèrè ni bàbá ń bi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ló ń jẹ́wọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.

Ẹnì kan bi mí lọ́jọ́ náà pé kí ló dé tí ìlú kò fi mọ̀. Ìlú tó mọyì jagunjagun ni Iléṣà. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò gbọ́ orúkọ Ògèdèǹgbé Agbógungbórò àti ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Ogun tiwa ni ìyẹn, àwọn tó jà á padà wálé pa pọ̀, onírárà àti onílù sì wà nílé tó ń dúró dè wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ti Bọ́mà dé, lẹ́yìn ogun tí ọba mìíràn pè wọ́n sí, èdè Hausa tí wọ́n sọ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kò sì wúlò ní ìtòsí ààrò. Bàbá gbé ẹrù aṣọ lérí, ó di òṣómàáàló, ó ń ti ìlú dé ìlú. Ta ni yóò bi í?

Ẹ̀yìn ìwé ìdásílẹ̀ náà ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹnì kan ti bá bàbá fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ọkùnrin kan síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ológun tó fi NA bẹ̀rẹ̀, bí ti àwọn sójà Nàìjíríà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí mọ orúkọ náà. Ọmọ abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbòkun ni, ọ̀rẹ́ bàbá tí wọ́n jọ wọṣẹ́. Nígbà tí ogun parí, bàbá lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ó ti kú, òun wà níbi tí wọ́n gbé sin ín. Wọ́n ní kí ló mú wá, irun dà, èékánná dà, aṣọ dà? Kò rí nǹkan kan mú jáde. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti sá lọ sí Gold Coast ni, pé ó ti fẹ́ ìyàwó míràn níbẹ̀, òun ló rán bàbá wá parọ́. Bàbá tún padà lọ nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti tó ọmọ tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ. Wọn kò fún wọn ní ìjókòó.

Ní ibi ìsìnkú ológun ní Taukkyan, nítòsí Yangon, ni Rangoon Memorial wà, tí wọ́n gbẹ́ orúkọ nǹkan bí 27,000 ọmọ ogun tí a kò mọ ibojì wọn sí i lára. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Mo fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé náà wá a. Ó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ, àmọ́ nọ́ńbà náà kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn ìwé bàbá, Nigeria Regiment, oṣù Kẹrin ọdún 1944. Bí wọ́n bá ti sun àpò náà, nọ́ńbà yẹn ti jóná, ọ̀nà mìíràn kò sì sí tí ẹnikẹ́ni ì bá fi so ọkùnrin inú òkúta yẹn mọ́ abúlé rẹ̀.

Èmi àti àkọ́bí la jọ lọ sí Ìbòkun. Ọkùnrin náà ní ọmọ kan, obìnrin, tí ìyá rẹ̀ bí lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti wọkọ̀ lọ. Ìyá àgbà ni báyìí, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ilé ọmọ rẹ̀ ló ń gbé. Ó jẹ́ kí a ro gbogbo ẹjọ́ wa tán. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè pé ọjọ́ wo ni, ọjọ́ tí bàbá òun kú gan-an. Mo kà á fún un láti inú ìwé. Ó fi ìka ka oṣù sórí itan rẹ̀, ó ní, “Wọ́n kò tí ì sọ mí lórúkọ fún ọdún kan nígbà yẹn. Kò ráyè kọ̀ wá sílẹ̀.” Ó ní kí n tún ọjọ́ náà kà. Mo tún un kà, àkọ́bí Bàbá Bọ́mà sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìyá náà, pẹ̀lú nọ́ńbà, orúkọ bàtálíọ̀nù, àti orúkọ ibi tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí.